Atẹ́gùn Ń Gun Àtẹ̀gùn

Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀.
Kì í ṣe sílíńdà gáàsì oníkílò márùndínláàádọ́ta
tí mo ti ń fi èjìká gbé gun òkè Valparaíso
láti ọmọ ọdún méjìdínlógún.
Ìbọ̀sẹ̀. Tòsì. Mo sín lẹ́ẹ̀kan,
nǹkan kan já nínú ìbàdí mi,
iná gba itan, ó gba ojúgun,
ó lọ jókòó sórí ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù.

Dókítà gbé àwòrán náà sójú iná.
Ó ní, "Ìrọ̀rí kékeré kan wà láàárín eegun méjì.
Tìrẹ ti ya. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yọrí síta,
ó tẹ iṣan mọ́lẹ̀."
Ó bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní mẹ́tàlélógún.
Ó tún fáìlì wò, bí ẹni pé mo parọ́.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló wà láàárín títì àti ilẹ̀kùn wa.
Mo mọ̀ wọ́n bí ahọ́n ṣe mọ eyín:
èyí tó kán, èyí tó ń mì,
èyí tí ajá aláwọ̀ eérú sọ di ibùsùn.
Lálẹ́, atẹ́gùn òkun á gun àtẹ̀gùn,
á kan fèrèsé mi, á lọ, á tún padà,
kò ní eegun kan tó lè dùn ún.
Atẹ́gùn ń gun àtẹ̀gùn.
Èmi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí àga,
mò ń ka ìṣó ara páànù.

Bàbá Abdón, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
gbé àpò búrẹ́dì kọjá, ó ń súfèé.
"Yerko, ṣé o ti jí?"
Ìtìjú dùn mí ju ẹ̀yìn lọ.

Àwọn tí a jọ ń ru ẹrù fi ohùn ránṣẹ́:
"Ṣé ẹ̀yìn ni, àbí ọtí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fóònù fi dákẹ́.
Ìrora tí kò lẹ́jẹ̀, tí kò ní báńdéèjì,
ta ni yóò jẹ́rìí sí i?
Irun mi dúdú, ojú mi ń dán.
Ìdúró ni mo fi ń jẹun.

Amaya, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ta,
na ọwọ́ méjèèjì sókè:
"Gbé mi."
Ààrò odidi àdúgbò ni mo ti fi èjìká yìí gbé.
Ọ̀rọ̀ méjì péré lọmọ yìí sọ, n kò lè gbé e.
Ó wò mí. Ó wọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá,
ó dùbúlẹ̀ tì mí, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà lé àga,
a jọ ń ka ìṣó.
Mẹ́rin ni òǹkà rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn mẹ́rin, ó di "púpọ̀".

Ximena tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá
gun gbogbo rẹ̀ wá láti ilé ìwòsàn, ó ń mí hẹlẹ.
Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dìde:
fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ná, jẹ́ kí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀, fọwọ́ ti ara rẹ.
Láti kékeré ni mo ti ń dìde,
n kò mọ̀ pé ó ní ìlànà.
Mo ní, "Ìgbà wo ni n óò padà sẹ́nu iṣẹ́?"
Ó ń ká okùn rọ́bà rẹ̀.
Ó ní, "Iṣẹ́ wo?"

Lọ́jọ́bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ogójì.
Ìkọkànlélógójì ni ti ajá, kò sì dìde fún mi.
Mo dúró lókè orí rẹ̀, mo di irin ẹ̀gbẹ́ mú.
Nísàlẹ̀, sílíńdà ń ró gbọ̀ngbọ̀n,
ẹlòmíràn ló ń fi irin lù ú kí àwọn onílé lè gbọ́.
Ìkùukùu òkun wọ imú mi.
Mo mọ̀ pé sísín ń bọ̀.
Mo fọwọ́ méjèèjì di irin, mo tẹ orúnkún díẹ̀,
mo dúró dè é.